Àga Rọ́bà Funfun Kékeré Méjì Yìí

Bí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan ní Ìnísà bá kọ gbólóhùn yìí sójú pátákó, "She bought a leather black big bag", tó ní kí kíláàsì wá ohun tó ṣe é, ara "bought" ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti kọ́kọ́ wá àṣìṣe. Wọn á yẹ "a" wò. Wọn á yẹ "she" wò. Ní ìgbẹ̀yìn, wọn á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ jayò pa, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀: báàgì ni, aláwọ ni, ó dúdú, ó tóbi. Ohun tó ṣe gbólóhùn náà ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣáájú "bag" tò sódì. Ọmọ òyìnbó tí kò tíì ka ìwé gírámà kankan rí yóò gbọ́ ọ, etí rẹ̀ á kọ̀ ọ́. "A big black leather bag" ni òun yóò sọ. Bí o bá bi í pé kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀, kò ní rí nǹkan kan sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí àṣìṣe náà ti wá, torí kì í ṣe ti ọ̀lẹ ọmọ. Yorùbá ni ọmọ náà fi ronú: báàgì aláwọ dúdú ńlá. Ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀-orúkọ máa ń wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé "black bag" là ń sọ, kì í ṣe "bag black". Ó wá gbé "bag" kúrò níwájú, ó fi í sẹ́yìn, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà ní Yorùbá. Ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni pé kì í ṣe báàgì nìkan ló ń ṣípò, gbogbo ìlà náà pátá ló ń yí padà.

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà kò ní pẹ́ lóye èyí. Ẹni tó ti Òṣogbo gbéra yóò kan Ìkirun, yóò kan Ìnísà, kó tó kan Òkukù. Ẹni tó ti Ọ̀fà ń bọ̀ yóò kan Òkukù, yóò kan Ìnísà, kó tó kan Ìkirun. Kò sí ìlú tó kúrò níbi tó wà, kò sì sí èyí tó yí aládùúgbò padà. Ibi tí arìnrìn-àjò ti ń bọ̀ ló yàtọ̀. Bí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí gan-an nìyẹn tó bá kan títo ẹ̀yán, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe, sí ara ọ̀rọ̀-orúkọ.

Ẹ mú àga tí wọ́n máa ń háyà fún òde ìnáwó. Bí ìyá kan bá ń ka àga tó fẹ́ dá padà fún àwọn tó háyà fún un, ó lè sọ pé: àga rọ́bà funfun kékeré méjì yìí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "these two small white plastic chairs". Ẹ wá ka ti Gẹ̀ẹ́sì náà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. "Chairs" ni àga, "plastic" ni rọ́bà, "white" ni funfun, "small" ni kékeré, "two" ni méjì, "these" ni yìí. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà sí ọ̀rọ̀ mẹ́fà, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù, kò sí èyí tó lé. Bákan náà ni ìkòkò amọ̀ dúdú ńlá kan ṣe di "a big black clay pot", tí aṣọ òkè pupa tuntun sì di "new red aṣọ òkè". Ohun tí a fi ṣe nǹkan ló sún mọ́ nǹkan náà jù nínú èdè méjèèjì, àwọ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni bó ṣe tóbi tó. Iye ló tún jìnnà sí i, atọ́ka bíi "yìí" àti "yẹn" ló sì jìnnà jù.

Kì í ṣe èmi ni mo ṣàwárí èyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1961, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Greenberg, ka bébà kan níbi àpérò tí wọ́n ṣe ní Dobbs Ferry, ní ìpínlẹ̀ New York. Ọdún 1963 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọgbọ̀n èdè káàkiri ayé ló fi ṣe ìwádìí náà, Yorùbá sì wà nínú wọn, pẹ̀lú Fúlàní, Songhai àti Swahili. Ó to òfin márùndínláàádọ́ta jáde tó gbà pé ó jọ pé gbogbo èdè ń tẹ̀ lé. Òfin ogún ni èyí tó kàn wá níbí: bí atọ́ka, iye àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí mo ṣe kà wọ́n yìí ni wọ́n máa ń tò; bí wọ́n bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lè tò bẹ́ẹ̀ náà, tàbí kí wọ́n yí padà pátápátá. Nígbà tí John Hawkins ń tún òfin yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ ní 1983, Yorùbá wà lára àwọn èdè tó tọ́ka sí pé wọ́n yí i padà pátápátá. Èdè Kikuyu ti ilẹ̀ Kenya ló fi ṣe àpẹẹrẹ irú kejì, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ ti ń ṣáájú ṣùgbọ́n tí àwọn tó tẹ̀ lé e tò bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Kikuyu tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan sẹ́yìn, kó sì fi ara balẹ̀ pé atọ́ka àti iye ti wà láyè wọn. Bí ọmọ Ìkirun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti kùnà.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ Ìkirun? OSASCOMP ni. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì lẹ́sìn fún ìdánwò WAEC tàbí JAMB lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti gbọ́ ọ: lẹ́tà mẹ́jọ tó dúró fún èrò ẹni, bí nǹkan ṣe tóbi tó, bó ṣe gbó tó, ìrísí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ibi tó ti wá, ohun tí a fi ṣe é àti ohun tí a ń lò ó fún. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, wọn á máa pè é bí ọfọ̀. Mi ò sọ pé kò wúlò. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, nígbà tí ìbéèrè bá gbé ìdáhùn mẹ́rin kalẹ̀ pé kó yan ọ̀kan, ọmọ lè fi ìka ka lẹ́tà náà títí á fi dé ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìka ka lẹ́tà nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀? Ohun tó sì ń bí mi nínú jù nípa rẹ̀ ni pé ó sọ ọ̀rọ̀ náà di àjòjì pátápátá, bí ẹni pé òyìnbó kàn jókòó níbì kan, ó kọ òfin mẹ́jọ tí kò ní ìdí, ó ní ká há a sórí.

Òyìnbó fúnra rẹ̀ kò mọ òfin náà. J. R. R. Tolkien, tó di gbajúgbajà òǹkọ̀wé lẹ́yìn náà, sọ nínú lẹ́tà tó kọ sí akéwì W. H. Auden ní 1955 pé nígbà tí òun wà lọ́mọ bí ọdún méje, òun kọ ìtàn kan nípa dírágónì. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa dírágónì náà. Ohun tó sọ ni pé kò gbọdọ̀ fi "green" ṣáájú "great", "great" ló gbọ́dọ̀ ṣáájú "green". Ọmọ náà ronú ìdí rẹ̀, kò rí ìdáhùn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ya òun lẹ́nu. Ní 2013, Mark Forsyth kọ ojú ìwé kan nípa òfin yìí kan náà nínú ìwé rẹ̀, The Elements of Eloquence. Nígbà tí ẹnì kan gbé ojú ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2016, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló ya ẹnu. Wọ́n ti ń pa òfin náà mọ́ láti kékeré, wọn ò mọ̀ pé òfin kan wà.

Àwa náà nìyẹn. Kò sí tíṣà Yorùbá kan tó jókòó kọ́ ẹnikẹ́ni pé rọ́bà gbọ́dọ̀ sún mọ́ àga ju funfun lọ. Síbẹ̀ ẹni tó bá sọ pé "àga méjì funfun rọ́bà yìí" lójà Òkukù, wọn á mọ̀ pé Yorùbá kọ́ ni èdè tí wọ́n bí i sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti gún régé. Yorùbá kò le bíi ti Gẹ̀ẹ́sì nínú títò yìí. "Ilé àtijọ́ ńlá" dára létí mi, "ilé ńlá àtijọ́" náà sì dára; bóyá èyí kejì gan-an là ń gbọ́ jù. "Ńlá" jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tímọ́tímọ́. Ọkùnrin dúdú gíga, ọkùnrin gíga dúdú: ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló mọ èyí tó fẹ́ tẹnu mọ́. Lóòótọ́, Yorùbá kì í fẹ́ràn kó ẹ̀yán mẹ́rin márùn-ún jọ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo. Bí ìyá mi bá ń ṣàpèjúwe báàgì tó sọnù, kò ní sọ pé báàgì aláwọ dúdú ńlá kan. Yóò ní: "Báàgì dúdú kan ni, aláwọ ni, ó tóbi gan-an." Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì gbé fún ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Ó ga, ó tóbi, ó dára, ó pọ́n. Inú irú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣẹ̀dá gíga àti dídára.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn lórí bóyá Yorùbá tilẹ̀ ní ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó dá dúró. Ẹni tó bá fi ìwé gírámà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé jáde ní 1966 sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì gbé jáde ní 1978 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ìjà nínú. Kì í ṣe Yorùbá nìkan. R. M. W. Dixon, onímọ̀ èdè tó fi Ọsirélíà ṣe ibùjókòó, kọ̀wé ní 1977 nípa àwọn èdè tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn kò tó nǹkan, èdè Ìgbò sì wà níwájú lára àpẹẹrẹ rẹ̀: mẹ́jọ péré ló kà fún un. Ẹ wá ronú nípa ọmọ tó ti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, tí Gẹ̀ẹ́sì wá ní kó di ẹrù mẹ́rin lé ọ̀rọ̀-orúkọ kan lórí, kó sì mọ èyí tí yóò wà lókè.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kì í sábà dúró lẹ́yìn. Ojúlówó aṣọ òkè. Ayédèrú oògùn. Ògbólógbòó olè. Arẹwà obìnrin. Gbogbo wọn ló ṣáájú. Onígírámà lè sọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n fúnra wọn, kò sì jayò pa. Ohun tó wù mí kí ẹ ṣàkíyèsí ni irú ìtumọ̀ tí wọ́n ní. Ìdájọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló wà nínú wọn: èmi ni mo ní ojúlówó ni, ìwọ lè ní irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń sọ "funfun àga" tàbí "rọ́bà àga" bí ó bá fẹ́ sọ àwọ̀ àga tàbí ohun tí a fi ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì náà, èrò ẹni ló ń fi ṣíwájú gbogbo ìlà: "lovely" á ti wà níbẹ̀ kí "small" tó dé. Ibi kan ṣoṣo tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti kọjú síbi kan náà nìyẹn.

Ní 2017, Gregory Scontras, Judith Degen àti Noah Goodman gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fún ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí tó ṣe é gbọ́ sétí. Wọ́n bi àwọn ènìyàn léèrè bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ èrò ẹni tó, wọ́n sì tún wo bí wọ́n ṣe ń tò ó. Àwọn méjèèjì bá ara wọn mu. Ohun tí àwọn ènìyàn méjì kò lè jiyàn lé lórí ló ń sún mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohun tí oníkálùkù lè fi ojú tirẹ̀ wò ló ń jìnnà. Bí ènìyàn méjì bá wo àga kan náà, wọn ò ní jà lórí bóyá rọ́bà ni. Wọ́n lè jà díẹ̀ lórí bóyá ó funfun tàbí ó ti rí ràkọ̀ràkọ̀. Bóyá ó kéré, ìdí ẹni tó fẹ́ jókòó ló mọ̀. Bóyá ó dára, a lè jà á di alẹ́.

Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí tíṣà sọ fún ọmọ, dípò kó bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà mẹ́jọ.

Ìlú tó kẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí a bá ti Òṣogbo ń bọ̀, Òkukù, ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí èyí. Ní 1974, ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, dé Òkukù láti wá ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ó gbé níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta, ó ti ibẹ̀ lọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní 1991 ló sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde, I Could Speak Until Tomorrow, lórí oríkì Òkukù àti àwọn obìnrin tó ń kì í. Ọ̀nà tí àwọn ọmọ Òkukù ń rìn lọ ni òun rìn bọ̀: láti inú èdè tí ẹrù ń ṣáájú orúkọ, sínú èdè tí orúkọ ń ṣáájú ẹrù.

Lára ohun tó fi hàn ni pé oríkì kì í ní orí àti ìdí bíi ti ìtàn. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró láyè ara rẹ̀. Ẹni tó ń kini lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó wù ú, kó fo ọ̀kan, kó padà sórí ọ̀kan, kó mú ti bàbá ẹni mọ́ ti ẹni, kó mú ti ìdílé ìyá wọ inú rẹ̀. Lónìí ó lè fi gíga ẹni ṣáájú ọlá rẹ̀. Lọ́la ó lè yí i padà, ẹni tí wọ́n ń kì kò sì ní sọ pé oríkì òun kọ́ nìyẹn. Orí rẹ̀ á wú bákan náà. Mo mọ̀ pé oríkì kì í ṣe àpólà orúkọ, ìyẹn ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú àwọn ẹ̀yán rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ da méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀ ó ṣe pàtàkì pé níbi tí Yorùbá ti ń to àbùdá lé ènìyàn lórí jù lọ, níbi tó ti fi í ṣe iṣẹ́ ọnà, kò fi òfin ìtò kankan dè é. Ọmọ tí ìyá àgbà ti kì láàárọ̀ kó tó lọ ilé-ìwé á dé kíláàsì, wọn á ní "big" kò gbọdọ̀ kẹ́yìn "black". Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá wo tíṣà bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀.

Ìtàn ẹ̀kọ́ nílẹ̀ yìí ti fi hàn pé fífi Yorùbá ṣe ìpìlẹ̀ kì í pa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lára. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láyè ara rẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n kọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, wọn ò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè orílẹ̀-èdè ní 2022, pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ló padà sórí àga. Èmi ò fara mọ́ ìkéde yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sọ yìí kò nílò àṣẹ mínísítà. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì lè kọ Gẹ̀ẹ́sì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó sì fi ìlà Yorùbá kan sí abẹ́ rẹ̀ lójú pátákó.

Àwọn tó lè dán èrò yìí wò kò jìnnà jù. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 nígbà tí ọmọ Òkukù, Ọlágúnsóyè Oyinlọlá, ń ṣe gómìnà, gbé ẹ̀ka ìmọ̀ èdè àti àṣà sí Ìkirè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè wà ní ọgbà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kó ọgọ́rùn-ún àpólà orúkọ jọ láti ẹnu àwọn tó ń tajà ní Ìkirun, Ìnísà àti Òkukù, kí wọ́n wo iye tó yí padà régé sí Gẹ̀ẹ́sì àti iye tó kọ̀. Mo fura pé àwọn tó ní "ńlá" nínú ni yóò fún wọn níṣòro jù.

Èyí tó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtò mọ́, ọ̀nà tí mo là yìí kò sì lè tún un ṣe. Bí àwọ̀ bá jẹ́ méjì, Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ "and" láàárín wọn, bíi "a black and white goat", bẹ́ẹ̀ kì í fi "and" sáàárín "big" àti "black". Bí Yorùbá bá ní ilé ńláńlá, ọmọ á kọ "big big houses", kò sì sí bí a ṣe lè kà á láti ẹ̀yìn tí yóò fi di "very big houses". Ìyẹn, kí tíṣà ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún un.